Ó Ti Wálẹ̀, Ṣùgbọ́n Lára Suara Ni

Láti Agége títí dé Ìkẹjà, ẹ mú ẹnì kan wá tó lè tan èèyàn jẹ lórí pèpéle bíi tèmi! Èmi Àlàmú Apanilẹ́rìn-ín ni. Mo ti ṣe arọ rí títí àwọn èèyàn fi dá owó fún mi. Mo ti ṣe òkú rí títí ìyá àgbà kan fi bú sẹ́kún, tó ń pè mí lọ́mọ. Nígbà tí mo sín, òun gan-an ló kọ́kọ́ sá jáde. Mi ò tíì rí ohun ẹlẹ́mìí tàbí ẹ̀rọ tí mi ò lè fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rín náà pa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wú sí mi nínú bí ẹ̀wà tí kò jinná, ó tó àsìkò kó jáde. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo gba ẹ̀mí Suara ọ̀rẹ́ mi là. Irọ́ ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá mi gbé tipẹ́. Uswat ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Ọ̀pẹ́bì, ló ra bọ́tìnnì náà wá fún mi. Bọ́tìnnì ni mo ń pè é, torí bí bọ́tìnnì agbádá ló ṣe rí. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan lábẹ́ rẹ̀ á wọ inú awọ, á sì máa sọ iye ṣúgà tó wà lára èèyàn fún áàpù tó wà lórí fóònù. Bí ṣúgà bá ti gòkè, fóònù á ké. Ti Uswat náà á ké ní Ọ̀pẹ́bì lọ́hùn-ún. Màá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búrẹ́dì gbígbóná gbá ẹ̀wà mú ní Dọ̀pẹ̀mú, ọmọ mi á pè: “Dádì, kí lẹ̀ ń jẹ?” Màá ní, “Omi ni mò ń mu.” “Omi wo ló ń gun òkè bí ológbò báyìí?” Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi tan èèyàn jẹ, bọ́tìnnì ń fẹjọ́ mi sùn láti abẹ́ ẹ̀wù mi.

Suara àti èmi jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ni, ìlẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń rọ kẹ́ẹ̀gì ike ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ó gbẹ bí ìgbálẹ̀, kò mọ ọ̀nà ọsibítù, kì í sì í jẹ ju kó má bàa kú lọ. Mo wò ó títí, mo ní ara irú èyí gan-an ni mò ń wá. Nígbà tí bọ́tìnnì àtijọ́ lo ọjọ́ rẹ̀ tán, tí Uswat gbé tuntun wá, mo ní kó lọ ibi iṣẹ́, màá lẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Apá Suara ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ní, “Àlàmú, kò ní dùn mí?” Mo ní, “Bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni ni.” Ó ní, “Ẹ̀fọn a máa kó ibà ranni o.” Mo ní kó jẹ́ kọ́kùnrin. Bọ́tìnnì kì í sì í bá fóònù tó jìnnà sọ̀rọ̀, ni mo bá kó fóònù olówó ńlá náà lé e lọ́wọ́ kó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Èmi wá ń fi fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì gba ìpè. Mo sun oorun àsùnwọra lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, Uswat pè, ẹkún ló ń sun. “Dádì, ẹ ń pa ara yín! Kò ga báyìí rí!” Mo wo abọ́ tó wà níwájú mi. Ẹ̀fọ́ ni, ẹ̀fọ́ lásán! Oṣù ààwẹ̀ la wà. Dókítà ti ní èmi ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, Suara ló ń gbà á. Mo lọ ká a mọ́lé ní ìrọ̀lẹ́. “Suara, kí lo fi ṣínu lánàá?” Ó ní, “Dàbínù díẹ̀, ẹ̀kọ, omi.” Mo ní, “Ṣúgà ń bẹ lára rẹ o.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Lára tèmi kẹ̀? Orúkọ ta ló wà lójú fóònù yìí?” Mo wò ó. Àlàmú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó lórúkọ ló ni ṣúgà. Tìrẹ ló gba inú bọ́tìnnì wọ ara mi. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́ pé kó o wá kó ẹrù rẹ.” Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo dúró síbẹ̀, mò ń bi ara mi pé ta ló ń ṣàìsàn nínú àwa méjèèjì. Bí mo bá ní ọgbọ́n tó tó ti ewúrẹ́, ọsibítù ni ǹ bá mú un lọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọsibítù, wọ́n á rí bọ́tìnnì, Uswat á gbọ́, àṣírí mi á tú. Ojú tó fẹ́ tì mí ni mo rò, mi ò ro ti ọ̀rẹ́ mi.

Kí ni mo wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí n gbé itọ́ mì ná. Shukurat ìyàwó Suara ti lọ bá ọmọ wọn tó bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí náà Kùdírátù ìyàwó mi ló ń po ògì sàárì fún un. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Jẹ́ kí n gbé e fún un, kí èmi tí mi ò lè gbààwẹ̀ náà rí láádá díẹ̀.” Kùdírátù ní, “Bàbá Uswat, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín.” Mo ní àmín. Ẹ gbọ́, mo ṣe àmín! Láàárín ìlẹ̀kùn tèmi sí tirẹ̀, mo da oògùn ṣúgà mi tí mo ti lọ̀ kúnná sínú ògì náà, mo rò ó pọ̀. Nínú èrò mi, bí ṣúgà ara Suara bá wálẹ̀, tèmi náà ti wálẹ̀ lójú Uswat, ọmọ mi á sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Wálẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa wá. Lọ́dọ̀ tiwa, bí alátọ̀gbẹ bá ti ọsibítù dé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé ó ti wálẹ̀?” Bó bá ní ó ti wálẹ̀, alihamudulilai. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ohun tó ń wálẹ̀ lè kọjá ilẹ̀, kó wọ ilẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Uswat pè: “Dádì, ó ti ń wálẹ̀! Ẹ kú oríire o!” Kùdírátù jó yí àga ká. Kò pẹ́ ni Suara pè láti ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ń lọ́ bí ti ọ̀mùtí. “Àlàmú, fóònù rẹ ń ké bí ọmọ tuntun. Òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ike ti di méjì lójú mi. Ṣé kí n ṣínu ni?” Ẹ fetí sí ìdáhùn mi. Mo ní, “Ó ti wálẹ̀ ni, ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn! Ṣé ìwọ tó ò ba ààwẹ̀ kan jẹ́ rí lo fẹ́ ṣínu lọ́sàn-án gangan? Fara dà á.” Ó ní, “Ó dáa.” Ó gbà mí gbọ́.

Uswat tún pè, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Dádì, ó ti wálẹ̀ jù! Ẹ mu mínírà, kíá!” Ọmọ wo ni bàbá ò ní gbọ́ràn sí lẹ́nu nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo dà á sọ́fun. “Kò gòkè! Ẹ mu òmíràn!” Kùdírátù ti ki ìgò bọ̀ mí lẹ́nu bí ẹni ń rọ ọmọ. “Dádì, ó ṣì ń lọ sílẹ̀! Ẹ ń gbọ́ mi?” Mo ní, “Mò ń gbọ́ ọ ketekete.” Ó figbe ta: “Kò yẹ kẹ́ ẹ máa gbọ́ mi! Ó yẹ kẹ́ ẹ ti dákú!” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú kí n lè bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbà náà ni ojú mi là, tèmi tìgò lẹ́nu: ọ̀fun tèmi ló ń mu ún, inú Suara lebi wà.

Mo gun ọ̀kadà dé ibi iṣẹ́ Suara. Ó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi páálí fẹ́ ẹ. Mo kígbe pé, “Ṣúgà rẹ̀ ló wálẹ̀!” Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀: “Alihamudulilai!” A sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, ó lajú. Dókítà rí bọ́tìnnì lápá rẹ̀, ó ní ta ló lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ojú yí sí mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu pèpéle ti gbà á sọ: “Èmi ni. Mo rí i pé ara rẹ̀ ò yá, ni mo fún un ní tèmi.” Suara gan-an di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún ọpẹ́. Irọ́ yẹn náà ni mo sọ fún Uswat. Dókítà bi í pé oògùn ṣúgà wo ló ń lò, ó ní òun ò lo nǹkan kan. Èmi ń wo ẹsẹ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́ṣẹ̀ tó burú jù. Ó yé dókítà pé alátọ̀gbẹ ni Suara, ṣùgbọ́n kò yé e bí ṣúgà ẹni tí kò lo oògùn ṣe já ṣòòrò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà á láti fún un ní oògùn tó lágbára, ó ní ṣúgà rẹ̀ lè tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni àìsàn náà fi ráyè. Ìṣó gún Suara lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jinná, ó dúdú. Ní ìparí, wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ Ajé kí wọ́n wò ó bóyá gígé ni.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ará ọgbà wa kóra jọ sí yàrá Suara fún àdúrà. Wọ́n ní kí èmi olùgbàlà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Suara na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹnu mi kò gba àwàdà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Shukurat tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọwọ́ lérí. Uswat ò wo ojú mi; fóònù ló gbé, ó pe dókítà, ó ní oògùn bàbá òun ló wà nínú ògì. A gbọ́ ohùn dókítà: “Oògùn ló mú un wálẹ̀? Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ èyí tipẹ́! Ẹ máa gbé e bọ̀ nísinsìnyí, a ṣì lè tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn.” Mo ní, “Suara, forí jì mí. Bó o bá fẹ́ lù mí, orí mi nìyí.” Mo yíjú sí àwọn ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Ẹ̀yin èwe, ẹ má fi ara ẹlòmíràn pa irọ́ tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé nǹkan ti wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó jó, ẹ bi í pé dé ibo.” Kùdírátù ń fi ìborùn nu ojú. Suara wò mí, ó wo Kùdírátù, ó họ orúnkún.

Ó ní, “Ògì ọjọ́ yẹn korò. Mo ti sọ fún gbogbo ọgbà pé Kùdírátù ò mọ ògì pò.”