Ọjọ́ Tí Mo Fa Ìdòwú Lé Wọn Lọ́wọ́

Ìyìn, ìyìn, ìyìn ni fún Ọlọ́run tó mọ ilé wa ní Ìlárá, tó sì mọ ilé wa ní Ayétòrò! Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé E ga. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohùn arúgbó nìkan ni yóò máa yìn Ín. Ọlọ́run ṣeun. Ó ṣeun gan-an ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ nínú ara wọn pé, Bàbá tún ti gba makirofóònù, oúnjẹ ọ̀sán á tutù lónìí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi, Ìdòwú, ni mo dìde sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ìjọ yìí ṣe nígbà tó bá ní òun kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Ọ̀dọ̀ mi ni òun àti màmá rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ mi, ti papò dà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ayé ṣe rí nígbà tiwa. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, reluwé ṣì ń dé Ìlárò. Lọ́dún tí a fẹ́ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń wá bá wa nínú ọgbà ilé ìwé. Wọ́n á jókòó sí yàrá kan, wọ́n á ní ká máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ife tánganran bu tíì fún mi, wọ́n bi mí bóyá Ìbàdàn ni mo fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni àbí Èkó. Àwọn ló ń bi mí o! Mi ò tíì kọ ìdánwò àṣekágbá tán tí mo ti mọ ibi tí n ó jókòó sí. A ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kéèyàn máa wáṣẹ́ kiri. Iṣẹ́ ló ń wá wa. Nígbà mìíràn, tí mo bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń rántí rẹ̀ bí ẹni rántí ìyàwó àfẹ́sọ́nà.

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún Ìdòwú. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní pólì, ó yege, ó sì ṣe agùnbánirọ̀ dé. Ó wá jókòó sílé. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó lọ sí Ọ̀tà, ó lọ sí Èkó. Ibi tó bá dé, wọ́n á ní àwọn yóò pè é. Kò sí ẹni tó pè é. Ibòmíràn, wọ́n á béèrè ìrírí ọdún mélòó tó ní. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Bàbá, ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ìrírí? Ẹ júwe rẹ̀ fún mi, ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ọ̀nà.” Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé lọ, mi ò lè parí ẹ̀rín náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí agbègbè wa yìí ṣe rí. Ẹni tí kò bá roko, tí kò ṣe tíṣà, ibodè ló kù. Ọ̀rọ̀ ibodè yìí gan-an ló sì di wàhálà ilé wa.

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Kétu ni Ìdòwú ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Dàhòmì tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní Bẹ̀nẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ Ìlárá. Ilé wa wà lápá ibí, oko wa wà lápá ọ̀hún, ewúrẹ́ wa kò sì mọ̀ pé ààlà wà. Nítorí náà, tí Ìdòwú bá ń ronú, Faransé ló fi ń ronú. Tó bá fẹ́ ka nǹkan, Faransé ló fi ń kà á.

Ó lọ síbì kan tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́, wọ́n fún un ní ìṣirò kó ṣe lójú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kà á lábẹ́ ahọ́n: sẹ́ǹkì, sísì, sẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ará Kùtọnu ni ẹ́? Iṣẹ́ ò tíì kárí onílé, àlejò wá fẹ́ gbà á.” Ìdòwú ní ọmọ Yewa ni òun. Ọkùnrin náà kò gbọ́, ó ti pe ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti fi Faransé ṣe èèwọ̀ nínú ilé. Tí òòlù bá gbá Ìdòwú lọ́wọ́, tó sì fi Faransé ké, gbogbo wa la máa ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹnu ẹ!” Ìyá Ìbejì máa ń sọ fún un pé, “Ìdòwú, Faransé yìí ni yóò jẹ́ kóo mu gààrí pẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́. Kì í bá wa ṣeré mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ka Bíbélì, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Mo ní iṣẹ́ wo. Ó ní mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọkùnrin kan ló fẹ́ fún un ní ọ̀kadà, kó máa fi kó ìrẹsì gba inú igbó wọlé. Fàyàwọ́ ni. Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ Ìdòwú kan wà tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ń sá fún kọ́sítọ́ọ̀mù nínú igbó, ọ̀kadà gbé e lu kùkùté, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Ó ṣì wà lórí ẹní títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo rán Ìdòwú létí rẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, òun ṣáà ríṣẹ́ kó tó ṣubú. Èmi ò tíì rí.”

Ìyá Ìbejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀yin lẹ kàwé nínú ilé yìí.” Ìwé tí mo kà, ẹ̀yin ará, kò sí ojú ewé tí ìdáhùn ìyẹn wà. Mo wọ yàrá mi lọ, mo kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, O gba bàbá rẹ̀, mi ò bi Ọ́ léèrè. Má jẹ́ kí igbó gba èyí.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti rántí ohun tí wọ́n kéde níbí ní Sọ́ńdè tó ṣáájú. Ẹ ṣé o, Màmá Ọlábísí! Ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ wáṣẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa jókòó sí gbọ̀ngàn ìjọ ní Sátidé, àwọn yóò sì máa pe àwọn tó ní ilé iṣẹ́ wá wo àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe òfin kan: ọ̀dọ́ kankan kò gbọdọ̀ dá wá. Àgbà ilé rẹ̀ kan ni yóò fà á wá, bí a ṣe máa ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí iṣẹ́ télọ̀. Ẹ mọ àṣà náà. Àgbà yóò sọ ibi tí ọmọ dára sí, yóò sì sọ àléébù rẹ̀ lójú ọ̀gá. Ẹni tó bá fi àléébù pa mọ́, tí ọmọ bá ba nǹkan jẹ́ lọ́la, ọrùn ẹbí ló wà. Màmá ní ìwé ẹ̀rí kò wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ẹni tó mọ̀ wọ́n ni àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdòwú kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ kóòtù tí mo rà nígbà èwe mi, mo jókòó dè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó jáde, ó wò mí tìtì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, èwo nínú àwa méjèèjì ló ń wáṣẹ́?” Mo ní ẹni tí wọ́n bá mú nínú wa, kó má gbàgbé ẹnì kejì. Bó ṣe tẹ̀lé mi nìyẹn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Ọlábísí. Wọ́n ní ẹnjiníà ni, pé ó ní ilé iṣẹ́ ní Ìlárò, ó ń fi sólà fa omi kànga fún àwọn abúlé. Ó kàn wá. Mo dìde, mo fa Ìdòwú kalẹ̀. Mo ní ọmọ ilé ire ni, kì í mú nǹkan onínǹkan, tó bá tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀ tó sì tò ó padà, nọ́ọ̀tì kankan kì í ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹnjiníà mi orí, bí ẹni tí wọ́n ti ń sọ irú rẹ̀ fún láti àárọ̀.

Màmá Ọlábísí ní, “A gbọ́, Bàbá. Àléébù rẹ̀ ńkọ́?”

Mo wo Ìdòwú. Ó mi orí sí mi díẹ̀, pé kí n má sọ ọ́. Ẹ̀yin ará, inú ilé Ọlọ́run la wà, ọmọ ni mo sì ń fà lé èèyàn lọ́wọ́. Báwo ni n óò ṣe parọ́ níbẹ̀? Mo húkọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Tí ọmọ yìí bá ń ronú, tàbí tí inú bá ń bí i, Faransé ló máa ń sọ. A ti bá a wí títí. Kò gbọ́.”

Ìdòwú tẹ orí ba. Ẹnjiníà ló jókòó dáadáa. Ó ní, “Faransé wo? Ti inú ìwé ni, àbí ti Kétu?”

Ìdòwú ní, “Ti Kétu ni, sà. Ibẹ̀ ni mo ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.”

Ẹnjiníà da Faransé bò ó. Ìdòwú kọ́kọ́ wo ojú mi bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Mo ní kó dá wọn lóhùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀! Wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n sọ ọ́ sódò, Ìdòwú ń fi ìka ya wáyà sórí tábìlì, Ẹnjiníà ń fi ìka pa á rẹ́, ó ń tún un yà. Gbogbo ìwé tí mo kà, “wí, wí” nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹnjiníà yíjú sí mi. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà òun wà ní òdìkejì, ní Kétu àti Pobẹ́. Tí òun bá rán ẹni tó mọ wáyà, kò ní gbọ́ èdè àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀, kò sì ní lè ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá. Tí òun bá rán ẹni tó gbọ́ èdè, yóò so wáyà sódì. Ó ti rán àwọn méjèèjì pọ̀ rí, ìjà ni wọ́n bá dé. Ó wá ní, “Bàbá, kí ni àléébù rẹ̀ gan-an? Èyí tí ẹ sọ yìí kọ́.”

Mo ronú. Mo ní, “Ó máa ń jẹun bí ẹni mẹ́ta.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ní ìyẹn kò ní lé òun sá.

Kò gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ o, n kò ní parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ó ní kó wá kọ́kọ́ máa tẹ̀lé àwọn lọ síbi iṣẹ́, kí òun wò ó. Ohun tó mú inú fu mi nìyẹn, nítorí pé fàyàwọ́ kì í wò ó, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbani. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ fèrè ọ̀kadà níwájú ilé. Ọkùnrin ìrẹsì ti dé. Ìdòwú jáde lọ bá a. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé, mi ò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìdòwú ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó mi orí pé òun kò lọ. Ọ̀kadà yí padà. Ọkùnrin náà nìkan ló wà lórí rẹ̀ bó ṣe lọ! Mo bú sórin, ẹ̀yin ará. Orúnkún tó ń dùn mí, mo gbàgbé rẹ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ó tẹ̀lé wọn, ó ṣe é, wọ́n sì ti gbà á báyìí ní tòótọ́. Ojú ọ̀nà ńlá ló ń gbà kọjá ibodè, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí omi jáde lábúlé kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ó ní ìyá arúgbó kan bu omi náà wọ́n òun lórí, ó ń fi Yorùbá àti Faransé ṣàdúrà fún òun pọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dé, ó jókòó de oúnjẹ, kí oúnjẹ tó jinná ó ti sùn lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá Ìbejì dúró tì í, ó ń wò ó. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo oorun.” Àwa méjèèjì dúró, à ń wo oorun ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wá ní Sátidé yẹn ló ti ríṣẹ́. Àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, àwọn kan ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá retí. Ẹ tẹ̀ lé ọmọ yín lọ. Ẹ dìde níwájú èèyàn, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, títí kan èyí tó ń tì yín lójú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọlọ́jà tàbí oníléeṣẹ́ kan, ẹ mú un wá fún Màmá Ọlábísí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ ti sú, tí ẹnì kan ti ń fọn fèrè ọ̀kadà dúró dè yín níta, ẹ bá mi ní sùúrù títí di Sátidé tó ń bọ̀. Tí ẹ kò bá ní àgbà tí yóò fà yín wá, èmi nìyí. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọlọ́run tó pàdé wa yóò pàdé yín. Tirẹ̀ ni ọpẹ́, tirẹ̀ ni ìyìn, láti òní títí di ìgbà tí ohùn mi kò ní jáde mọ́. Ẹ ṣeun.