Ṣíbí Oyin Ilé Adéróunmú

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jà ràn-ìn káàkiri Bódìjà báyìí, kálukú sì ti ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹnìkan ní ife ìdàpọ̀ mímọ́ ni mo jí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn ní ọlọ́pàá ló wá gbé mi. Irọ́ gbuu! Ṣíbí ni mo jí, ṣíbí kan ṣoṣo. Mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, mo sì pa irọ́ kan lé e lórí tí irọ́ náà fi di ohun tí wọ́n ń fi wàásù. Èmi Adùnọlá Olúgbádé, tí mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtọ́jú ilé títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo máa ń na ọmọ tó bá mú bisikíìtì ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, olè ni mí. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n wá jókòó dáadáa.

Ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ mi rí mọ̀ pé fàdákà ni àìsàn mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó aṣọ jọ, èmi ń kó fàdákà àtijọ́ jọ: ẹ̀mú tí àwọn òyìnbó fi ń mú ṣúgà, àwo iyọ̀ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àpótí aṣáà tí ìka bàbá kan ti pa dán, ìkótí, bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa ní, “Adùn, nínú ilé yìí, ọbẹ̀ nìkan ni kì í ṣe fàdákà.” Síbẹ̀, mi ò jalè rí. Mo máa ń rà á ni, tàbí kí n bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀rọ̀ mi yóò fi sú ẹni tó ni ín.

Ọ̀dọ̀ Kabir ní Dùgbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kabir ń rọ òrùka, ó sì ń ra fàdákà àti wúrà tó ti gbó. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Mọ́mì, ẹ tètè máa bọ̀ kí n tó yọ́ nǹkan yìí o.” Mo dé ibẹ̀, mo bá ọ̀bẹ kékeré kan àti fọ́ọ̀kì kékeré kan, irú èyí tí òyìnbó fi ń ta ọmọ lọ́rẹ nígbà ìrìbọmi. Ìtàkùn àjàrà ni wọ́n fín sí ọwọ́ wọn, kìnnìún kékeré kan tó ń rìn sì wà lẹ́yìn wọn. Kìnnìún yẹn ni àmì ojúlówó fàdákà. Àyà mi là gààrà. Kì í ṣe nítorí ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì o. Mo mọ ilé tí ṣíbí wọn wà.

Ilé Màmá Adéróunmú ni, ní òdìkejì títì sí tèmi. Màmá yìí kì í ṣe ará àdúgbò lásán sí mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ni wọ́n kó ẹrù wá sílé mi, tí wọ́n ń fi ipá fún mi ní ọ̀gì mu bí ọmọ ọwọ́. Bàbá ọkọ wọn jẹ́ katikíìsì láyé ọjọ́un, òyìnbó kan ló sì fi ṣíbí náà ta á lọ́rẹ. Láti ìgbà náà, ọmọ kan kì í jẹ́ orúkọ nínú ẹbí wọn títí ṣíbí yẹn yóò fi gbé oyin kan ahọ́n rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá wọn tààrà. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ta ṣíbí yẹn fún mi.” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Adùnọlá, ẹnu gbogbo ọmọ mi ló wà lára ṣíbí yẹn. Ta ní ń ta ẹnu ọmọ ẹ̀?” Mo ní kò sí láburú, mà. Láburú wà! Mo délé, mo tẹ́ ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sórí aṣọ dúdú, mo fi àyè ṣíbí sílẹ̀ láàárín wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo àyè yẹn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá kó nǹkan jọ rí kò lè mọ bí àyè kan ṣoṣo ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn.

Nígbà tó yá, Kabir tún rí ṣíbí kan, òun náà ní ìtàkùn àjàrà lọ́wọ́, ó sì jọ ti Màmá bí ìbejì. Kabir kìlọ̀ fún mi tọkàntọkàn. Ó ní, “Mọ́mì, èyí kì í ṣe ojúlówó o. Irin ni, wọ́n kàn fi fàdákà bò ó lára ni. Ẹ wo lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀: E, P, N, S. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ sá.” Mi ò sá. Mo ní, “Kabir, dì í fún mi.” Ó wò mí lójú. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ̀yin tí ẹ máa ń yẹ kìnnìún wò kí ẹ tó kí èèyàn?” Mo ní kó gbọ́ tiẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àsìtágífúrúláì! Èmi ò mọ nǹkan kan o.” Ó mọ̀, ó mọ̀ dáadáa.

Kò pẹ́ sí i ni Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ-ọmọ Màmá, bímọ. Màmá gbé ṣíbí náà fún mi pé kí n bá àwọn nù ún sílẹ̀ de ìkómọ, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé èmi ni mo mọ fàdákà nù. Mo sì nù ún o. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo lọ ẹfun kúnná, mo wá àkísà rírọ̀, mo nù ún títí ó fi ń kọ mànà. Mo wá ní kí n kàn gbé e sí àyè rẹ̀ láàárín ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, kí n wò ó lásán. Haà! Bí ọmọ ìyá tó ríra lẹ́yìn ogun ni wọ́n rí. Mo sunkún. Ẹ gbà mí, olè tó ń sunkún ayọ̀! Mo nu ojú mi nù, mo fi aṣọ ìnujú tí Màmá fi di tiwọn wá di ṣíbí Kabir, mo sì gbé e sọdá títì lọ bá wọn.

Mo rò pé wọn ò ní wò ó. Àfi bí Màmá ṣe tan iná fóònù wọn, tí wọ́n yí ṣíbí padà. “Adùnọlá, kìnnìún kan máa ń wà níbí.” Mo ní, “Irú kìnnìún wo, mà?” “Kìnnìún tó ń rìn. Lẹ́tà ni mo ń rí báyìí.” Ká ní mo dọ̀bálẹ̀ nígbà náà ni, bí mo tiẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo ní, “Màmá, ìdọ̀tí ni kìnnìún yẹn. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ló dì síbẹ̀ tó ń ṣe bíi kìnnìún. Ìgbà tí mo nù ún ló ṣí kúrò, ni lẹ́tà bá jáde.” Wọ́n ní, “Ẹn-ẹ́n? Kí wá ni lẹ́tà náà ń sọ?” Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, mi ò mọ̀ títí dòní. Mo ní, “Ẹ̀bùn Pàtàkì Ni Sùúrù, mà. Ó ní láti jẹ́ pé bàbá ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.” Màmá fi ojú kan wò ó. “E ni mo rí, kì í ṣe Ẹ.” Mo ní, “Òyìnbó ló kọ ọ́, mà. Wọn kì í fi àmì sábẹ́ nǹkan.” Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀bùn pàtàkì ni sùúrù. Ọ̀rọ̀ ńlá ni bàbá sọ yìí. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìwọ ni wàá kà á fún wa.”

Bí irọ́ mi ṣe ta gbòǹgbò nìyẹn. Mo kà á lọ́jọ́ náà, fíkà wa sì fi wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wọ kàlẹ́ńdà ẹbí. Jóṣúà, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwà nínú wọn, kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rí kẹ̀kẹ́ náà ní Challenge lọ́jọ́ kan, Ẹ̀BÙN PÀTÀKÌ NI SÙÚRÙ, ó ń gba ọ̀nà òdì, ó sì ń bú onímọ́tò tí kò yà fún un! Gbogbo ìkómọ tí wọ́n bá ṣe, Màmá á ní, “Adùnọlá, dìde, kà á fún wa.” Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á. Wọ́n á sì tẹjú mọ́ mi títí n ó fi kà á tán. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Nínú oṣù yìí ni Bólúwadúró, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wá sílé mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Túnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti bí obìnrin. Ó ní, “Àǹtí Adùn, ẹ̀yin lẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn jáde fún wa. Orúkọ tí ọmọ máa jẹ́ nìyẹn: Sùúrù.” Mo ní kú oríire. Bó ṣe jáde, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irọ́ tó wà lára ṣíbí, mo ti mọ́ ọn gbé. Èyí tó wà lára ọmọ èèyàn ńkọ́? Kí wọ́n máa fi irọ́ mi pe ọmọ jẹun, kí wọ́n máa fi irọ́ mi gbàdúrà fún un, kí wọ́n fi gbé e níyàwó? Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá la ẹnu, mo ti pàdánù Màmá nìyẹn. Mi ò ní ìyá mìíràn. Fàdákà kì í fúnni ní ọ̀gì mu.

Ilẹ̀ ìkómọ mọ́. Fíkà ti gbàdúrà, oyin ti wà nínú àwo, ilé kún. Màmá ní, “Adùnọlá, dìde, kà á fún wa.” Mo dìde, mo tú aṣọ dúdú tí mo gbé wá, mo gbé ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí lé orí tábìlì níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, mi ò lè kà á. Kò sí nǹkan kan láti kà. Irin ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín, tiyín rèé. Èmi ni mo jí i, èmi ni mo pa irọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.” Ẹnìkan pariwo Jésù. Bólúwadúró ní, “Àǹtí, ẹ̀yin?” Túnráyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Màmá na ọwọ́, wọ́n mú ṣíbí tiwọn, wọ́n yí i padà, wọ́n fi àtàǹpàkò pa kìnnìún náà lára. Wọ́n ní, “Adùnọlá, ìdọ̀tí kì í ní ìrù.” Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ tí o gbé ti irin wá ni mo ti mọ̀. Tí mo bá pariwo lé ọ lórí, ṣíbí á padà, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ò ní padà. Mo wá ní kí n máa jẹ́ kí o kà á. Mo ní bó pẹ́ bó yá, ohun tí o ń kà yóò yé ọ.” Bólúwadúró bi wọ́n pé kí ni ká wá pe ọmọ. Màmá ní, “Sùúrù ni. Adùnọlá ló fi parọ́, èmi ni mo ṣe é. Ó ti di òótọ́ lọ́wọ́ mi.” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín, fíkà náà ń fi ìwé àdúrà bojú. Màmá wá na ṣíbí sí mi. “Dìde, olè. Fún ọmọ ní oyin.” Oyin kọ́kọ́ kán sí ọmọ nímú kí n tó gbé e kan ahọ́n rẹ̀.

Ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n wà báyìí. Ti irin ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n gbé ohun tí mo fi owó mi rà. Òun ló wà lórí aṣọ dúdú mi. Bí mo ṣe ń nù ún ni fàdákà ara rẹ̀ ń ṣí, tí irin ń yọjú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ojú yín bá wọ nǹkan onínǹkan, ẹ sọ ọ́ jáde kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ kì í pani. Mo ti bẹ Màmá, mo ti bẹ Bólúwadúró, mo ti bẹ Túnráyọ̀, tó jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ̀ lánàá. Ó ku ẹnìkan tí mi ò tíì bẹ̀, nítorí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀. Sùúrù, ọmọ mi, bí o bá dàgbà tí wọ́n sọ ibi tí orúkọ rẹ ti wá fún ọ, má bínú sí mi. Sọdá títì wá, mo wà nílé.