Etí Àwòrán Òkun Tí Mo Fi Abẹ Gé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ara mi ò gba ìjókòó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ inú ilé tí ọwọ́ mi ò ká. Àwọn engineer ní Savanna gan-an, àdúgbò kan ní ìlú òyìnbó tí mo wà yìí, èmi ni wọ́n ń pè.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ará Japan kan ládùúgbò Beltline ní kí n bá òun fi àwòrán òkun kan sínú férémù. Irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni. Omi rẹ̀ dúdú bí aró, òkè kan wà lókèèrè. Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Fúnkẹ́, ọmọ ìjọ wa tó ń tọ́jú Màmá, ló yọ ọ́ nínú àpótí fún mi.

N ò wọn àwòrán yẹn kí n tó ra férémù. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, bí mo ṣe máa ń ṣe. Férémù kéré. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n dá a padà. Mo rí òǹtẹ̀ pupa àti ìkọ̀wé létí ìwé náà, mo rò pé lébẹ́lì ni, bí èyí tí à ń já lára aṣọ tuntun. Mo gé e dànù. Ó wọlé wẹ́kú!

Àṣé orúkọ ẹni tó yà á nìyẹn. Màmá ń fi ìka tọ etí ibẹ̀. Nígbà tó bi mí, mo ní bí Fúnkẹ́ ṣe gbé e fún mi nìyẹn. Wọ́n lé Fúnkẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí mo sọ fún Màmá, èmi náà ni mo dìde tí mo ní Fúnkẹ́ ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Láìpẹ́ yìí mo yọ̀ ṣubú lórí snow, ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀ sínú basement mi ní Falconridge. Fúnkẹ́ ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun jàre. Ọ̀gá gbogbo wọn ò gbọdọ̀ kú sí basement o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́.

Bí mo bá jẹ́wọ́, iyì mi ní ìlú yìí ti lọ. Bí n ò bá jẹ́wọ́, mò ń jẹ oúnjẹ ẹni tí mo bà lórúkọ jẹ́. Màmá ṣì wà láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ tètè dá mi lóhùn, Fúnkẹ́ tún ń bọ̀ lọ́la.