Ibi Tí Ọwọ́ Màámì Dúró Sí

Nínú ọkọ̀ èrò trotro tó ń gbé wa láti Tafo lọ sí ọjà Kejetia ni mo ti gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò ríran fún ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì í.

“Màmá, eyín mẹ́rin ni dókítà yọ lẹ́nu rẹ̀ lánàá. Gbogbo ti ẹ̀yìn ló ti jẹrà.”

“Ọmọ ọdún mélòó?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

“Awurade, Olúwa o! Ṣé kì í fọ ẹnu ni?”

“Ó ń fọ̀ ọ́. Àárọ̀, alẹ́, kì í pa á jẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, a ó fọ ti iwájú títí á fi máa dán. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹnu afọ́jú dọ̀tí. Mo rò pé tó bá dàgbà, á mọ ìyókù fúnra rẹ̀, bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n.”

“Àwọn yẹn ń wò ẹ́ nígbà tí o bá ń fọ tìẹ.”

“Ohun tí dókítà náà sọ nìyẹn. Ó bi ọmọ mi pé kí ló dé tí kì í fọ ti ẹ̀yìn. Ọmọ ní, ‘Ibi tí ọwọ́ Màámì dúró sí ni mo rò pé ó parí sí.’”

Ìyá àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Obìnrin náà tún un sọ jẹ́jẹ́: “Ibi tí ọwọ́ Màámì dúró sí. Màmá, eyín tí àwọn èèyàn ń rí nìkan ni mo kọ́ ọmọ tí kò ríran láti fọ̀.”