Wọ́n Ní Ó Ti Wọ Ojú Ìran, Èmi Ni Mo Mọ Ohun Tó Gbé Mì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ kí ẹ tó bá mi wí. Màmá Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi, kò kú! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ aláṣọ funfun wa ní Ajah yóò jó ìdúpẹ́ ọdún kan tó ti ọ̀run padà dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wí. Ayọ̀ náà kún mi dé ọ̀fun, ṣùgbọ́n irọ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Ó ní kí n rọra, ọwọ́ òun kò lè bá ẹnu mi sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìbàdí, dókítà fún mi ní oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní tírámádọ̀. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Dúpẹ́ tiro wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìlàsàn, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo kó díẹ̀ nínú oògùn mi sí i lọ́wọ́. Ó ní kò tíì ràn án, mo tún kó òmíràn.

"Ìyá Tọ́pẹ́, kí lèyí?"

"Pánádólì àwọn olówó ni. Gbé e mì jàre!"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní ibi lọ́kàn. Mo fẹ́ kó rí i pé èmi náà ní ohun tí mo lè fúnni ni.

Bí a ti ń kọrin, ó sùn lọ lórí ẹní. Ó ń hanrun bí ẹni tí omi há sí lọ́fun. Wọ́lì pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Màmá ti wọ ojú ìran!" Akọ̀wé sáré mú bébà, ó dẹ etí sí i lẹ́nu láti kọ iṣẹ́ tí ẹ̀mí rán an. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo sì mọ̀! Oògùn mi ló ń hanrun.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ló wọlé. Ó rí i pé ètè rẹ̀ ti ń dúdú bí aró. Ó pè é, kò dáhùn. Ó fi ìkúùkù ra á ní egungun àyà, kò mira. Ó ṣí ojú rẹ̀, ẹyinjú dúdú inú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

"Sísítà, ẹ má da ìran rú o," akọ̀wé wí.

"Ìran wo, sà? Ṣé ẹ ò rí i pé kò mí dáadáa mọ́ ni? Ẹ wá ọkọ̀! Ta ló fún màmá lóògùn?"

Mo dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Nọ́ọ̀sì gbé orí ọ̀rẹ́ mi sẹ́yìn, ó di imú rẹ̀, ó ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu títí a fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ náà béèrè, mo tún dákẹ́. Ohun tó rí nínú ẹyinjú ọ̀rẹ́ mi ló fi mọ̀ ọ́n. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun irú oògùn bẹ́ẹ̀, Màmá Dúpẹ́ sì mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ló bọ́ fìlà mi?" Yéè! Mo fò sókè pẹ̀lú ìbàdí tí wọ́n rán! Wọ́n ní kó má tíì lọ ilé, pé agbára abẹ́rẹ́ lè tán kí ti oògùn tó tán.

Dókítà ní oògùn ni. Ọ̀rẹ́ mi búra pé pánádólì nìkan lòun lò. Ìjọ gbà á gbọ́ ju dókítà lọ.

Lánàá ló pè mí tayọ̀tayọ̀: "Ìyá Tọ́pẹ́, pánádólì rẹ ọjọ́sí ńkọ́? Ẹ̀yìn ń dun Dúpẹ́, mo fẹ́ kó lè jó lọ́jọ́ Ìsinmi."

Dúpẹ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú! Mo kígbe "Rárá!" Mo ní oògùn yẹn lè pa á, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, pé màá wá ṣàlàyé.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti ṣàlàyé? Bí mo bá sọ ọ́ nílé, ọ̀rẹ́ mi nìkan ló máa mọ̀, ìjọ á ṣì máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí èémí ń tán lára rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lójú ìjọ, mo gba ọ̀run lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ẹ tètè dá mi lóhùn. Èmi ló ní kí n di òun lọ́wọ́ mú bóun bá ń jẹ́rìí.