Ọjọ́ tí Baba Ọmọ́yẹlé Jẹ́rìí Gbe Ọkọ̀ Òkèèrè

Nígbà tí orúnkún mi ò tíì máa ké báyìí… mo máa ń kó uṣu láti Ìkẹ́rẹ́ níbí lọ sí Igbókòdá. Uṣu o! Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó lẹ ń pè é ní iṣu. Láti Igbókòdá, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìlú etí òkun. Èmi ọmọ orí òkè, tí n ò mọ̀ ju odò tí a ti ń fọṣọ lọ! Lóde òní, èèyàn á wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kó tó wọkọ̀. Àwa? Àdúrà nìkan la ń gbé wọ̀.

Baba Ọmọ́yẹlé ló ń kan ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Pákó ni. Ẹ gbọ́, ọkùnrin náà mọṣẹ́! Ṣùgbọ́n tí òkun bá ń bínú… hmm. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ìgbì là á sí méjì. Obìnrin náà ò padà wálé.

Ọdún kejì ni Ìyá Mojí, tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò, ra ọkọ̀ kékeré kan láti òkèèrè. Onífáíbà ni, kì í ṣe pákó, ó ń dán. Kò tíì gbé ẹnì kan tí àwọn ìjọba fi dá a dúró. Òfin ní ọkọ̀ tí wọ́n kàn nílẹ̀ yìí ni kó máa gbé èrò láàárín ìlú wa, àfi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Inú àwọn tó ń kan ọkọ̀ dùn. Ṣé ẹ lè bá wọn wí? Oúnjẹ wọn ni!

Òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí èbúté. Ó ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú iṣẹ́ yìí. Kí lẹ rí sí i?"

Baba wọ inú ọkọ̀ náà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìdí ọkọ̀ náà… ó pẹ́ títí. Nígbà tó jáde, omi wà lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé èrò. Ó dára ju tèmi lọ. Ká ní irú rẹ̀ ni àbúrò mi wọ̀ ni, ì bá ṣì máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

Ariwo sọ! Àwọn tó ń kan ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ké pé, "Baba, ẹ ti pa wá!"

"Mo kọ́ṣẹ́ pákó. N ó kọ́ èyí náà. Ìwọ náà á kọ́ ọ."

Ìwé àṣẹ jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà wá. Baba àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, èmi tẹ̀ lé wọn. Ìgbì gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀… a gúnlẹ̀ láyọ̀!

Tewútewú ni Baba lọ kọ́ṣẹ́ fáíbà lọ́dọ̀ ẹni tó kéré sí ọmọ rẹ̀, Baba sì ń pe ọmọ náà ní ọ̀gá. Kó tó kú, òun náà ti ń kan tirẹ̀. Àwọn tó bú u ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Lónìí ńkọ́? Bí ọjà ẹnì kan ò bá tà, ọjà ẹlòmíràn ni yóò máa bú. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí ohun tó sàn ju tiyín lọ, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ sì lọ kọ́ ọ. Hmm… irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n o.