Èmi Ni Mo Júwe Ọ̀nà Oko Kajú

Ẹ pa ìwé yín dé. Ohun tó yẹ kí n kọ́ yín lónìí ni bí olùṣèwádìí ṣe ń pa àṣírí àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà ní ẹ̀kọ́ yìí láì jẹ́ kí ojú tì mí. N kò lè ṣe é mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó ń kọ́ yín. Mo tú àṣírí ọkùnrin kan tó fọkàn tán mi. Ọkùnrin náà kú. Mo sì ti ẹ̀bi ikú rẹ̀ sọ́rùn ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti gba oyè tí mo fi ń dúró níwájú yín. Ẹni tó bá fẹ́ dìde jáde kí n tó parí lè jáde, n kò ní bínú.

Ẹ mọ̀ pé Caleb ni orúkọ mi. Ọmọ katikíìsì ni mí ní Ayétòrò, tíṣà girama sì ni mí nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún másítà. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa lọ́dún 2019, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi pè mí, ó ní, "Caleb, ọmọ Yewa ni ẹ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bodè, ìwọ ń bi tíṣà léèrè owó oṣù. Lọ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀." Mo lọ. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé láàárín àwọn ènìyàn, kí a máa wò, kí a máa gbọ́, kí a má sì dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Mo rò pé bí mo ti kà á, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Abúlé kan ni mo lọ, lẹ́yìn Ìjoun, níbi tí oko àwọn ènìyàn wa ti wọ inú ilẹ̀ àwọn Faransé tí ẹni tó ń rìn kò ní mọ ibi tó ti ré kọjá. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Ìlérí tó kù tí mo ṣì lè mú ṣẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n màá dárúkọ Lukman. Nínú ìwé tí mo kọ, Olùdáhùn Kẹrin ni mo pè é. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọmọ òun ní orúkọ.

Màmá Ojúọlá ni ìyá yẹn. Opó ni, gàrí ló ń yan tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì fi mí wọ̀ sí. Lukman ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà. Kí wọ́n tó ti bodè, gbangba ló ń gbé èrò àti ẹrù lọ sí ọjà Kétu lódìkejì bodè. Nígbà tí wọ́n tì í, èrò náà kò yí padà, ọjà náà kò yí padà, ọ̀nà nìkan ló wọ inú igbó. Kò sí ilé kan ní abúlé yẹn tí kò ní àna lódìkejì. Alfred tó ń tún ọ̀kadà ṣe níbẹ̀, ọmọ Kétu ni. Ó fẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ọmọ abúlé, ó kọ́lé síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Kó tó di pé wọ́n ti bodè, n kò rò pé ẹnikẹ́ni rántí pé àlejò ni.

Ọjọ́ tí mo fọ̀rọ̀ wá Lukman lẹ́nu wò, ó ń wo fóònù tí mo fi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ta ló máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ yìí?"

Mo ní, "Èmi nìkan."

"Tí wọ́n bá mú yín lọ́nà ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Òfin iṣẹ́ wa ni. Bí wọ́n tiẹ̀ mú mi, n kò ní sọ."

Ó ní, "Ẹ̀kọ́ yín yẹn dáa." Lọ́jọ́ kejì, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà hàn mí, láti inú oko kajú kan dé odò kékeré tí wọ́n fi igi ṣe afárá sí. Iṣẹ́ mi kò nílò ọ̀nà yẹn. Mo kàn fẹ́ rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi kò rí ni. Mo ya fọ́tò afárá náà, Lukman kò sì sọ pé kí n má yà á, torí ó ti gbà mí gbọ́.

Nígbà tí mo ń padà sí Ìlaròó níbi tí mo ń gbé, àwọn oníbọn ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣí fóònù mi, ó rí afárá. Mo mú káàdì ilé ẹ̀kọ́ jáde, kò wò ó. Wọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ, wọ́n sì tì mí mọ́ inú kọ̀nténà kan tí wọ́n ń kó ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn sí. Orí àpò ìrẹsì ni mo jókòó lé. Ooru ibẹ̀ kò jẹ́ kí n mí dáadáa. Mo ń gbọ́ tí ọkọ̀ ń kọjá, mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń bẹ̀bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn wọlé. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Tíṣà, a kò ní nà ẹ́. Ilé rẹ ni wàá sùn lónìí. Fóònù yìí nìkan la máa mú lọ sí Abẹ́òkúta. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀ wàá rí i gbà."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́wọ́ sókè sí mi. Ẹ̀mí mi kò sí nínú ewu. Gbogbo ohùn tí mo ti gbà láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló wà nínú fóònù náà, n kò sì tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Ó bi mí pé ibo ni afárá wà. Mo ní n kò mọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ti fóònù bọ àpò àyà rẹ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀, ó yíjú padà. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo pè é. Mo júwe oko kajú fún un, mo júwe ibi tí wọ́n ti ń yà. Mo tún sọ fún un pé ìdájí ni wọ́n máa ń kọjá. Kò bi mí ní àkókò. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un, kó lè tètè dá mi sílẹ̀. Ó dá fóònù mi padà, ó ní kí n kàwé mi dáadáa.

Mo lè pe Lukman lórí fóònù yẹn kan náà. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, mo wò ó. Bí mo bá pè é, yóò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo gbé fóònù padà sápò. Mo sọ fún ara mi pé wọn kò ní lọ síbẹ̀.

Wọ́n lọ. Lukman kò tiẹ̀ gbé ìrẹsì lọ́jọ́ náà, gàrí ìyá rẹ̀ ló ń gbé lọ sọ́jà. Ìbọn bà á ní itan. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò, gbogbo ibi tí àwọn oníbọn ti dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n ti ní kí àwọn tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ṣàlàyé ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé láti kí wọn, Màmá Ojúọlá gbé orí lé mi láyà, ó ní, "Tíṣà, ta ló sọ fún wọn?"

Ohun tí gbogbo abúlé ń bi ara wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wojú mi. Ojú Alfred ni wọ́n ń wò, torí wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníbọn ń gbé ọ̀kadà wọn wá. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó ní, "Tíṣà, kò sí ilé tí ẹ kò wọ̀. Kí lẹ mọ̀?" Alfred jókòó síwájú mi, ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe wò mí, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn pé èmi ni wọ́n bi.

Mo ní, "Bàbá, òfin iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá mi sọ." Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni mo dúró. Mo fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí kì í ṣe àṣírí. Mo rí Ẹ̀gbọ́n Alfred pẹ̀lú àwọn oníbọn lẹ́bàá ọ̀nà."

Òótọ́ ni mo rí i. Táyà ọ̀kadà wọn ló ń lẹ̀, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ọmọdé ń wò ó. Alfred ní, "Tíṣà, sọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ fún wọn."

Mo ní n kò mọ̀.

Ilẹ̀ kò ṣú kí wọ́n tó lé e lọ. Bàbá Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò jẹ́ kó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ọkọ wà lódìkejì, ìyàwó àti ọmọ wà níhìn-ín, bodè wà láàárín wọn. Èmi sì padà sílé, mo kọ orí kan nínú ìwé mi lórí bí àwọn ará ẹnu bodè kò ṣe fọkàn tán ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ Alfred ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́ ni mo pè ní àbájáde ìwádìí. Wọ́n yìn mí, wọ́n sì fún mi níṣẹ́.

Màmá Ojúọlá wá ń pè mí ní ọmọ rẹ̀. Bó bá yan gàrí, ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyá mi ti kú, nítorí náà òun ló jókòó sípò ìyá nígbà tí mo gbéyàwó. Bí mo bá kọ gàrí náà, màá ní láti sọ ìdí. Mo ń gbà á, mo ń jẹ ẹ́. Ìyàwó mi, Ṣèyífúnmi, máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú. Lóṣù tó kọjá ni Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ara rẹ̀ kò yá. Ó ní òun fẹ́ fún mi ní ilẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti Lukman, torí èmi lòun rí. Níbẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ tí mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò sunkún. Ó ní, "Alfred ńkọ́?"

Mo ní mo gbọ́ pé ó wà ní Kétu.

Ó ní, "Òun ni kí o lọ kúnlẹ̀ fún. Ọmọ mi sì ní orúkọ, Lukman ni kí o máa pè é. Má tún wọ yàrá mi mọ́."

Mo bá Alfred níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kétu. Irun rẹ̀ ti funfun. Kò dìde. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ọjọ́ tí wọ́n lé mi, ọ̀kan nínú àwọn oníbọn yẹn ló ṣàánú mi, ó ní tíṣà ló júwe ọ̀nà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́?"

"Mo ránṣẹ́. Wọ́n ní ṣé tíṣà tó sunkún bẹ́ẹ̀ níbi òkú Lukman ni mo ń purọ́ mọ́." Ó ń nu irin ọwọ́ rẹ̀ lọ. "N kò ní padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pe ọmọ mi ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ níléèwé. Lọ sọ ọ́ níwájú wọn, kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ."

Mo ti lọ bá olórí ẹ̀ka wa láàárọ̀ yìí, mo sì ti ní kí wọ́n gba oyè náà padà. N kò mọ̀ bóyá èmi ni ẹ máa bá níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ sí ìlú onílùú, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ kò lè fara mọ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín. Bí iṣẹ́ yín bá wà lára rẹ̀, ẹ má bi onítọ̀hún ní nǹkan kan. Ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Màmá Ojúọlá kò gbé ìpè mi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ Alfred, mo bẹ Ọ̀ṣúnkẹ́mi àti ọmọ rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin náà tí mo ti ń tàn jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, màá dúró síwájú baálẹ̀ àti gbogbo abúlé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe sí mi.